Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ wo ni kí n máa fi ṣètò ìwọmi mi, kí n sì máa fi kọ ọ́ sílẹ̀?

ỌmọAdó

Èkìtì kete! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa níbí tí òkè pọ̀ ju omi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa mọ̀ ọ́n ò ní ṣàìsí láàárín wa. Dáífà ni mí, ẹni tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ ṣiṣẹ́. Èkó ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ha ìdí ọkọ̀ ojú omi. Mo ti padà wálé báyìí, Basírì ni mo ń gbé, àwa mẹ́ta la sì jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n á pè wá pé kí á wá wo asẹ́ irin tó wà lẹ́nu páìpù nínú dáàmù, tàbí kí á bá wọn yọ ẹ̀rọ ìfami tó já bọ́ sódò.

Inú ìwé ọmọléèwé ni mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, ibi tí a wọ̀, bó ṣe jìn tó, ìṣẹ́jú tí a lò, afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà. Lóṣù kẹjọ tó kọjá, òjò bá a nínú báàgì lẹ́yìn ọ̀kadà. Gbogbo ohun tí mo fi báírò kọ ló di aró. Àkọsílẹ̀ oṣù mọ́kànlá ló lọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ̀rọ tí màá máa mú dání. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ Palm àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Ó ní ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ òun látọjọ́ pípẹ́. Fóònù Android mi náà wà, mo lè ra ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀ fún un. Tàbí kí n tọ́jú owó títí màá fi lè ra kọ̀ǹpútà òmùwẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé iná ò dúró ládùúgbò wa. Ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kó má bojú wẹ̀yìn.

Alátùn-únṣe_Òkèṣà

Palm wo ni, ọ̀gá? Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wa ká tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

ỌmọAdó

Palm IIIxe. Bátìrì AAA méjì ló ń lò, irú èyí tí a ń fi sínú rìmóòtù. Mo fi tuntun sí i, ó sì tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, mo rẹ́rìn-ín.

Alátùn-únṣe_Òkèṣà

Ẹ ò jẹ̀bi bí ẹ rẹ́rìn-ín. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé irú èyí jáde. Mẹ́gábáìtì 8 péré ni mẹ́mórì rẹ̀. Àwòrán kan tí ẹ bá fi fóònù òde òní yà lè má gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ ò wúwo. Gbogbo ìwọmi tí ẹ máa ṣe títí ẹ ó fi hu ewú á wọ inú rẹ̀, àyè á ṣì kù. Bátìrì méjì yẹn á gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹ ò bá máa fi tàn án ṣeré. Ojú rẹ̀ ò ní àwọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú oòrùn ọ̀sán létí odò ló máa ń hàn dáadáa jù, níbi tí ẹ̀yin oní fóònù ti máa ń fi fìlà ṣíji bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó rí nǹkan kà.

Ẹ gbọ́ àbùkù rẹ̀ báyìí. Iná bátìrì ló di gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ mú. Tí bátìrì bá kú pátápátá tí ẹ sì gbé e jókòó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ bá fi máa tún un tàn, kò mọ̀ yín mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì gan-an, ìṣẹ́jú kan ni ìwé rẹ̀ fún yín: ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́ kíá. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe máa kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ńlá. Ìjókòó tí wọ́n ń gbé e lé ní irú okùn séríà àtijọ́ tí láptọ́ọ̀pù tòde òní ò ní ihò fún mọ́. Ẹ ò sì lè pe àwọn tó ṣe é, torí HP ra Palm lọ́dún 2010, nígbà tó máa fi di 2011 wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀rọ Palm tì.

Ẹ máa kọ́ irú ìkọ̀wé tirẹ̀ náà. Tí ẹ bá fẹ́ A, ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ nìkan lẹ máa fà láìsí ìlà láàárín. Ẹ má sì retí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà o. Ìkọ̀lé á di Ikole, Ọ̀yẹ́ á di Oye, bí ìgbà tí òyìnbó ń kàwé.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Warri ni mo ti fi ọdún púpọ̀ wọmi, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbìn n'Íkọ̀lé. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Iṣẹ́ mẹ́ta lo dì pọ̀ tí o ń pè ní ọ̀kan. Kí o tó wọ omi, ìṣirò lo ń ṣe. Nígbà tí o bá wà nísàlẹ̀, o fẹ́ mọ ibi tí o dé àti ìṣẹ́jú tó ti lọ. Tí o bá jáde, o fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó mọ àkọ́kọ́ ṣe dáadáa lè gbẹ̀mí rẹ tí o bá gbé e dé èkejì.

Jẹ́ kí n mú ti fóònù inú ọ̀rá. O rí IP68 tí wọ́n ń kọ sára páálí fóònù, omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, mítà kan àbọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bàlùwẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe dáàmù. Gbogbo mítà mẹ́wàá tí o bá lọ sísàlẹ̀, omi ń fi báà kan (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára ìtẹ̀) kún agbára tó fi ń tẹ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà á fún pọ̀, ọ̀rá á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ojú fóònù, fóònù á rò pé ìka mẹ́wàá ló ń tẹ òun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀rá bá tiẹ̀ gbà, ojú fóònù kì í gbọ́ràn sí ìka lábẹ́ omi. Mo rí ẹnì kan tó ń fi ìka gbo fóònù rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń fọ abọ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń lọ.

Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni Palm àti fóònù ń gbé. Ohun tó ń bá ọ wọ omi ni kọ̀ǹpútà ọwọ́. Tí owó rẹ̀ ò bá tíì pé, gba géèjì ìjìn àti aago òmùwẹ̀, pẹ̀lú àtẹ àkókò tí a fi ike bò, èyí tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí o lè lò ní ìjìn kọ̀ọ̀kan. Kí síléètì pẹlẹbẹ tí a ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ sì wà lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́ẹ̀dì ò mọ̀ pé omi wà láyé. Ìwé rẹ tó bàjẹ́ yẹn, báírò ló pa á. Ká ní lẹ́ẹ̀dì lo fi kọ ọ́ ni, oòrùn nìkan lo máa sá a sí.

Ọmọ_Ìdó

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkun ló wà l'Adó. Mélòó ni dáàmù Èkìtì jìn tí ẹ fi ń ṣírò bí ẹni tó ń lọ sínú òṣùpá? Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jáde. Owó ẹ̀rọ yẹn, ẹ fi ra isu.

Tíṣà_Físíìsì

Ọmọ Ìdó, rọra o. Ohun tí o sọ yẹn ni mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀wẹ̀ jù lọ.

Mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló léwu jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Lójú omi, báà kan ló ń tẹni. Ní mítà 10, ó ti di méjì, ìlọ́po méjì gbáko. Láti mítà 10 dé 20, méjì di mẹ́ta, kò tó ìlọ́po méjì mọ́. Ẹni tó bá mí láti inú sílíńdà ní mítà 10, tó sé èémí, tó sì sáré gòkè, afẹ́fẹ́ àyà rẹ̀ ń fẹ̀ lọ sí ìlọ́po méjì kó tó rí oòrùn. Kò dìgbà téèyàn bá dé ìsàlẹ̀ òkun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, èmi sì rò pé òun ló yẹ kí ỌmọAdó fi yan ẹ̀rọ rẹ̀. A ń gbé lórí òkè. Adó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 400 mítà. Àwọn àtẹ àkókò tí wọ́n fi kọ́ yín l'Ékòó, ojú òkun ni wọ́n ti gbà á sí odo. Ibi tó bá ti ga kọjá 300 mítà, wọ́n ti kà á sí ìwọmi orí òkè, àtẹ gbọ́dọ̀ yí padà. Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ tó tẹ orí omi níbí fúyẹ́ ju tòkun lọ, nǹkan bíi báà 0.96 ni. Náítírójìn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín nísàlẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde bí ẹ bá ń gòkè. Ẹ wo ẹmu nínú kèrègbè: bí ohun tí a fi dí ẹnu rẹ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìhó rẹ̀ ṣe ń yára tó. Bí ó bá hó nínú oríkèé tàbí nínú ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn, ohun tí àwọn dáífà ń pè ní bẹ́ńdì nìyẹn.

Omi dáàmù ò níyọ̀, ó sì fúyẹ́ ju ti òkun lọ ní bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mítà 20 dáàmù ń tẹni bíi mítà 19.4 òkun. Ẹ pín in pẹ̀lú 0.96, ó di 20.2. Ọ̀kan ń fà á síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé kí ni ariwo mi nígbà náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí kò mọ òkè tí ẹ wà ò mọ̀ pé òun ń ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀. Bí ẹ bá tún ti Èkó dé láàárọ̀, ara yín ṣì gbé náítírójìn tó bá afẹ́fẹ́ Èkó mu. Ìlànà PADI, àjọ tó ń kọ́ àwọn dáífà, ni pé kí ẹ dúró fún wákàtí 6 kí ẹ tó wọmi lórí òkè, tàbí kí ẹ ka náítírójìn náà mọ́ ìṣirò yín.

Ẹ bi ẹ̀rọ yòówù tí ẹ fẹ́ rà bí ó ṣe máa mọ̀ pé Èkìtì lòun wà. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mìíràn máa ń wọn afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tàn án, mìíràn sì ń retí kí ẹ sọ fún un. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti tàn án o, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ́ sómi.

Ọmọ_Ìdó

Tíṣà, mo gbà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí isu náà wà nílé ẹ̀yin.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà. Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mi ò wọmi rí, odò Ìkògòsì ni mo ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo mọ áàpù kan tí kò gba kọ́bọ̀: Subsurface. Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux ló bẹ̀rẹ̀ òun náà lọ́dún 2011, torí dáífà ni ọ̀gbẹ́ni náà fúnra rẹ̀. Ó wà fún láptọ́ọ̀pù, ó wà fún Android. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ lè fi ṣètò ìwọmi kí ẹ tó wọ̀. Ó ní ibi tí ẹ ó ti kọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó, ó sì ní ibi tí ẹ ó ti sọ pé omi náà ò níyọ̀, torí náà ìbéèrè Tíṣà ti ní ìdáhùn. Ìṣirò Bühlmann ará Switzerland ló ń lò, èyí tó pín ara èèyàn sí ọ̀nà 16, bí ẹ̀jẹ̀, iṣan àti ọ̀rá ara ṣe ń yára gba náítírójìn sí.

Lórí fóònù, ẹ lè kọ àkọsílẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rárá. Bí ẹ bá padà dé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, á fi ẹ̀dà kan pamọ́ síta. Bí fóònù bá bọ́ sómi lọ́la, ẹ ó rí gbogbo ìwọmi yín lórí fóònù mìíràn. Òun ló yàtọ̀ sí Palm yẹn, tí ẹ̀dà rẹ̀ ò ní ibi tó máa gbà jáde. Èmi ò ní gba ẹ̀rọ tí mo lè kọ nǹkan sí tí mi ò lè kó nǹkan jáde níbẹ̀.

Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ní Bluetooth, áàpù náà á fa gbogbo rẹ̀ jáde lára rẹ̀ fúnra rẹ̀: ìjìn, àkókò, bí ẹ ṣe gòkè. Ẹ kàn máa kọ ohun tí ẹ̀rọ ò rí.

ỌmọAdó

Àbúrò, o ṣeun gan-an. Mo ti ń wá a báyìí. Ẹ̀yin tó mọ kọ̀ǹpútà ọwọ́, èwo ni iná ò ní dà láàmú?

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé

Wo irú bátìrì tó ń lò kí o tó wo ohunkóhun. Èyí tí a ń fi ṣájà sí nìkan dára fún ẹni tí iná rẹ̀ dúró. Shearwater Perdix ń lo bátìrì AA kan ṣoṣo tí o lè fi ọwọ́ ara rẹ pààrọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Adó tí o ò ti ní rí AA. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga o. Owó Suunto Zoop Novo rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, bátìrì pẹlẹbẹ CR2450 ló wà nínú rẹ̀. O lè pààrọ̀ òun náà fúnra rẹ, ṣùgbọ́n ra mẹ́ta kúrò l'Ékòó kí o fi pamọ́. Kí o sì nu rọ́bà róbótó tó dí ẹnu ilé bátìrì náà mọ́ tónítóní. Irun kan tàbí yanrìn kan tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, omi ti rí ọ̀nà.

Bí o bá máa ra tòkunbọ̀, tàn án níwájú ẹni tó ń tà á, kí o wò ó bóyá ó ka ìjìn sí odo lórí ilẹ̀. Bí ó bá sọ fún ọ pé o wà ní mítà méjì nígbà tí o dúró sínú ọjà, dá a padà fún un, kí o kí i pé ó dàárọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà ńlá. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lóṣù kẹjọ àti kẹsàn-án, omi dáàmù á pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. O ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ. Èyí tí wọ́n kó àwòrán mẹ́rìndínlógún sójú rẹ̀ ò wúlò fún ọ níbẹ̀. Ìjìn, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú tó kù: kí mẹ́ta yìí tóbi, kí iná sì wà lẹ́yìn wọn.

Jẹ́ kí n tún sọ ti ìṣirò. Ẹ̀rọ yòówù tí o bá rà, ṣe ìṣirò afẹ́fẹ́ rẹ pẹ̀lú ọwọ́ kí o tó ṣí i. Sílíńdà lítà 12 tó kún dé báà 200, lítà 2,400 ni. Ká ní o ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ní mítà 20, báà mẹ́ta ló ń tẹ̀ ọ́, torí náà lítà 60 lo ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Pa báà 50 tì, ìyẹn lítà 600, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ku 1,800, ó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bíbọ̀ lókè wà nínú rẹ̀, ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5 náà wà nínú rẹ̀. Ìyẹn sì jẹ́ fún ibi tí o lè gbà jáde tààrà. Níwájú asẹ́ irin, tí omi ń fà, tí igi há síbẹ̀, ìdá mẹ́ta ni mo máa ń ṣe: 800 fún lílọ, 800 fún bíbọ̀, 800 fún ohun tí n kò mọ̀. Ó di ìṣẹ́jú 13 kí n tó yíjú padà. Bí ẹ̀rọ bá sọ fún ọ ní ogójì, ìwọ tàbí òun, ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà tí kò yẹ.

Rántí pé kí wọ́n ti ẹnu páìpù náà pa kí o tó wọ̀ o. Kò sí ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tó ń ṣe ìyẹn fún èèyàn.

Alátùn-únṣe_Òkèṣà

Sílíńdà, gáàsì ìdáná nìkan ni mo mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí mo ti kàwé.

ỌmọAdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín yọ. Kí ni ẹ máa ń kọ sílẹ̀ bí ẹ bá jáde? Ti tèmi ò ju ìlà kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé

Wákàtí tí mo wọ̀ àti èyí tí mo jáde, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú nìkan. Bí ara bá ń dùn ẹ́ lálẹ́, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé ìgbà wo lo jáde, báwo ló jìn tó, ẹ̀ẹ̀melòó. Ọ̀pọ̀ dókítà ò tíì rí dáífà rí, ìwé rẹ ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Báà tí mo gbé wọ̀, báà tí mo gbé jáde. Bí omi ṣe ga tó lára odi dáàmù lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí, ohun tí mo fọwọ́ kàn, ibi tí okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Àti òjé tí mo dè mọ́ ìdí kí n lè rì.

Má fi ọ̀rọ̀ òjé ṣeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà wálé, mo wọ dáàmù Èrò pẹ̀lú iye òjé tí mo máa ń dè mọ́ ìdí lókun. Omi tí kò níyọ̀ ò gbé mi bí ti òkun ṣe máa ń gbé mi, mo rì lọ bí ọlọ tí wọ́n jù sódò, inú ẹrẹ̀ ni mo jókòó sí dé orúnkún. Bí ìwọ àti ẹrù rẹ bá jẹ́ kílò 90, ó lè tó kílò méjì àti díẹ̀ tí o máa yọ kúrò. Láti ọjọ́ náà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ń sọ fún mi iye òjé tí mo dè, omi wo, aṣọ wo, bóyá ó wúwo jù tàbí ó fúyẹ́. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Kọ ọ́.

ÌyáOníyán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, mo fẹ́ dá sí i. Iyán ni mò ń tà ní Ajílósùn. Àwa mẹ́ta tí ỌmọAdó ń sọ yẹn, ọkọ mi wà nínú wọn. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ jókòó ti ẹrù létí omi bí ọjà bá dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní àwọn á jáde láago méjìlá. Méjìlá kọjá. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Ó di méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mi ò rí ìfófòó kan lójú omi. Fóònù ọkọ mi wà lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ètò sí: apá ibo ni wọ́n gbà wọ̀, ta ló wà nísàlẹ̀, ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nọ́ńbà ẹni tó yẹ kí n pè. Fóònù ní kí n gbé ìka ọkọ mi wá. Ìka ọkọ mi wà lábẹ́ omi.

Wọ́n jáde láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n ní àwọn gba ẹ̀yìn odi jáde, àwọn pààrọ̀ sílíńdà níbẹ̀, àwọn tún wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sunkún.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ̀rọ tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa fi mọ̀, ẹ ti wá a. Ẹ̀rọ tí ẹni tó bá jáde máa fi kọ̀wé, ẹ ti wá a. Èwo ni ti ẹni tó jókòó létí omi?

ỌmọAdó

Àǹtí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà níbí. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ní kí á pààrọ̀ sílíńdà ká tún wọ̀. Ẹnì kan nínú wa ní kí á kọ́kọ́ yọjú sí yín, mo ní a ò ní pẹ́. Ẹ má bínú sí mi.

Tíṣà_Físíìsì

Mo ti fi gbogbo alẹ́ sọ̀rọ̀ òkè àti afẹ́fẹ́, ìbéèrè yìí ò sì wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé

Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ yẹn. Ní Warri, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọmi láìsí ẹni kan lókè tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó mú aago àti ìwé dání. Òun ló ń sọ pé ó tó, kì í ṣe ẹni tó wà nísàlẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ ọ́ torí pé mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. ỌmọAdó, bí ètò bá yí padà, ẹ jáde wá sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ tó tún wọ̀. Bó ṣe ìṣẹ́jú kan ló kù.

Alátùn-únṣe_Òkèṣà

Ẹ dúró. Palm yẹn. Kò bèèrè ìka ẹnikẹ́ni, kò bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé àyàfi tí ẹ bá ní kó máa bèèrè. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ohun tí ẹ kọ ti wà níwájú yín. Kò nílò ṣájà. Oòrùn ò bà á lójú jẹ́. Gbogbo ohun tí mo sọ pé ó burú nínú rẹ̀, pé ó lè gbàgbé, pé kò lè kó ọ̀rọ̀ jáde, kò kan ètò ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá gbàgbé ti àná, kí ló kàn yín?

ỌmọAdó

Ẹ ò ṣi í wí. Mo ti gbé e síwájú mi báyìí. Màá kọ ẹni tó ń wọ̀, ibi tó gbà wọ̀, wákàtí tó yẹ kó jáde, àti nọ́ńbà. Ojú ewé kan. Màá tún fi lẹ́ẹ̀dì da á kọ sínú ìwé fún yín, Àǹtí, torí pé Ẹ̀gbọ́n á bi mí. Subsurface á wà lórí fóònù mi fún àkọsílẹ̀ nígbà tí mo bá délé. Síléètì la máa gbé wọ omi. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ oní bátìrì AA náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ fún un. Títí tí màá fi kó o, a ò ní kọjá ibi tí géèjì àti àtẹ gbà wá láyè dé, màá sì bá Tíṣà ṣe àtúnṣe àtẹ náà fún òkè wa.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ gbé àtẹ náà dání, àti lẹ́ẹ̀dì.

ÌyáOníyán

Ṣé ó ní áláàmù, Palm yìí?

ỌmọAdó

Ó ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, Àǹtí, bí ohùn ìrẹ̀ nínú koríko. Létí ibi tí omi ti ń ya lórí odi, ẹ lè má gbọ́ ọ.

ÌyáOníyán

Kó máa dákẹ́ tirẹ̀. Èmi á máa wò ó. Ẹ jẹ́ n lọ tọ́jú odó o, uyán aago mẹ́fà àárọ̀ ń dúró dè mí.